Ibo ni kí n fi ọmọ Júù yìí pamọ́ sí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìtàn àròsọ mi (Nẹ́dálándì, 1943)

Gègé:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ ìtàn àròsọ kan lórí ogun Hitler, orí mẹ́ta sì ti parí. Ọmọbìnrin Júù ọlọ́dún mẹ́jọ kan ni ìtàn náà dá lé lórí. Rosa ni mo pè é, Amsterdam ni wọ́n bí i sí. Ní oṣù kẹfà 1943, wọ́n wá kó òun, bàbá àti ìyá rẹ̀ nílé lóru, wọ́n kó wọn lọ sí Hollandsche Schouwburg. Gbọ̀ngàn eré ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn ará Jámánì tó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn Júù jọ sí, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé wọn lọ sí àgọ́ Westerbork. Láti Westerbork, Auschwitz tàbí Sobibor, àwọn àgọ́ ìpànìyàn ní Poland, ló kù. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké sùn sínú gbọ̀ngàn yẹn. Jẹ́lé-ó-sinmi kan wà ní òdìkejì títì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jí Rosa gbé jáde. Ẹ wo bí mo ṣe kọ ọ́:

*Nígbà tí tíráàmù yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àǹtí náà fún ọwọ́ Rosa mọ́ra. "Bí mo bá ní ká lọ, o ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn." Tíráàmù dé, ó dí ẹ̀ṣọ́ òdìkejì lójú. Wọ́n bọ́ síta. Wọ́n ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà títí ó fi dúró, wọ́n wá gòkè bí ẹni tó ti ń dúró dè é tipẹ́. Àwọn èrò inú ọkọ̀ wò wọ́n. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde fún wọn kí wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan.*

Ibi tí mo dé nìyẹn. Ibo ni kí n wá gbé e lọ? Ṣé kí n fi í sí àjà ilé kan nínú Amsterdam náà? Àbí ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan ní Friesland, lápá àríwá? Àbí ọ̀dọ̀ awakùsà kan ní Limburg, ní gúúsù pátápátá? Mo kà á pé àwọn tó ń kó àwọn ọmọ náà pamọ́ máa ń gbé onírun dúdú lọ sí Limburg, wọ́n á gbé onírun aláwọ̀ wúrà lọ sí Friesland, kí wọ́n lè jọ ọmọ ibẹ̀. Irun Rosa dúdú.

Ewúro:
Fi í sí àjà ilé, kó máa kọ ìwé. Gbogbo ayé ti mọ ti Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó kọ ìwé ìrántí níbi tó fara pamọ́ sí, kò ní ṣòroó tà.

Tíṣà Ìtàn:
Gègé, o kú iṣẹ́. Bó o ṣe kọ tíráàmù yẹn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n o ti fo ohun kan tó tóbi jù ú lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ìwé orúkọ. Bí ọmọ kan bá dín, wọ́n á mọ̀, àwọn òbí rẹ̀ ni ìyà rẹ̀ á sì jẹ. Nítorí náà, kí ẹsẹ̀ ọmọ tó kan títì, orúkọ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé. Walter Süskind ló ń ṣe ìyẹn. Júù ni òun náà, Jámánì ni wọ́n bí i sí, òun ni wọ́n fi ṣe alábòójútó gbọ̀ngàn. Ó máa ń bá àwọn ọ̀gá SS, àwọn ẹ̀ṣọ́ Hitler, mu ọtí, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà òun àti Felix Halverstad á máa yí ìwé. Ní òdìkejì, Henriëtte Pimentel tó ni àkóso jẹ́lé-ó-sinmi ló ń yan ọmọ tó máa lọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Johan van Hulst ni ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ kọjá lórí ọgbà ewéko tó wà láàárín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbé e jáde gba ẹnu ọ̀nà tiwọn. Àwọn ọmọ ọwọ́ máa ń wà nínú àpò, nínú agbọ̀n aṣọ. Nǹkan bí 600 ọmọ ni wọ́n gbà là lọ́nà yìí. Wọ́n kó Pimentel fúnra rẹ̀ lọ ní oṣù keje 1943, Auschwitz ni wọ́n pa á sí. Süskind náà kò rí òpin ogun.

Ohun kejì: òbí ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi. Bí ìyá bá ní rárá, ọmọ kò ní lọ. Ọ̀pọ̀ òbí ló ní rárá, nítorí wọn ò mọ ohun tó wà níwájú, wọ́n sì rò pé ó sàn kí ìdílé wà lójú kan. Ṣé o ti kọ alẹ́ tí wọ́n bi ìyá Rosa? Tí o kò bá tíì kọ ọ́, orí kẹta kò tíì parí.

Lórí ibi tí wàá gbé e lọ, ọjọ́ ìdáǹdè ni kó o kọ́kọ́ wò. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Maastricht, ìlú kan ní gúúsù Limburg, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1944. Ẹni tó wà ní gúúsù Limburg ti ń rìn ní gbangba láti ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn. Friesland dúró di oṣù kẹrin 1945. Amsterdam di oṣù karùn-ún. Ìgbà òtútù tí ebi pa nǹkan bí 20,000 ènìyàn, tí wọ́n ń jẹ gbòǹgbò òdòdó túlípù, ìlú ńláńlá apá ìwọ̀ oòrùn ló kàn. Limburg ti bọ́ nígbà yẹn. Nítorí náà, ibi tó o bá yàn ló máa sọ bóyá ìtàn ebi lò ń kọ tàbí ìtàn mìíràn.

Ará Amsterdam:
Mo kí Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n Ewúro, ẹ má bínú, ohun tí ẹ sọ yẹn ló máa ń ba irú ìtàn báyìí jẹ́. Ti ìdílé Frank ṣọ̀wọ́n. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà pa pọ̀ lẹ́yìn ilé ìtajà bàbá náà ní Prinsengracht 263, láti oṣù keje 1942 títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1944, lójú kan náà, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ bàbá wọn tó ń gbé oúnjẹ àti ìwé wá. Ta ló rí irú ààyè bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìdílé ló túká lọ́jọ́ tí wọ́n pinnu láti fara pamọ́: bàbá sí ibì kan, ìyá sí ibòmíràn, ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mọ ibi tí ẹnì kejì wà. Wọn kì í pẹ́ lójú kan náà. Ará ilé kejì á bèèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ sí ilé mìíràn lóru.

Iṣẹ́ mi kì í jìnnà sí Plantage Middenlaan, títì tí Gègé ń kọ nípa rẹ̀. Tíráàmù ṣì ń gba ibẹ̀. Títì náà kò fẹ̀ rárá. Ẹ̀ṣọ́ tó dúró ní ẹnu gbọ̀ngàn lè rí bọ́tìnnì aṣọ ẹni tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé ẹ̀kọ́ tí Tíṣà dárúkọ ti di mùsíọ́mù ìpakúpa àwọn Júù, 2024 ni wọ́n ṣí i. Gègé, kọ ọ́ kí ọ̀nà náà há.

Màmá Ìjẹ̀bú:
Gègé ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ti tíráàmù àti ìwé orúkọ. Èmi fẹ́ mọ ẹni tó ń fọ aṣọ.

Mo ní ìdí. Bí ọmọ kan bá lé nínú ilé, aṣọ lé lórí okùn. Ìyàwó ilé kejì mọ iye ọmọ tí mo ní, ó mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn. Ó máa rí ìbọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọmọ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lóru, ó dájú pé á máa tọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì. Ibo ni wọ́n ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn sí? Bí eyín bá ń dùn ún ńkọ́? Bí ó bá ń wúkọ́ ní òru tí ṣọ́jà ń kọjá ńkọ́? Ọkọ lè ní kí ọmọ wọlé, ó lè jẹ́ akọni, ṣùgbọ́n ìyàwó ló máa gbé ìgboyà yẹn láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọdún méjì. Nínú irú ìtàn báyìí, ìbọn ni mo sábà ń rí, n kì í rí ìkòkò. Ọmọ mi, kọ ìkòkò fún mi.

Kòkúmọ́:
Màmá ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló mú mi wá. Oúnjẹ nígbà yẹn, káàdì ni. Ìjọba ń fún olúkúlùkù ní káàdì tí wọ́n fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì búrẹ́dì, bọ́tà, ẹran, ọṣẹ. Ẹni tó fara pamọ́ kò sí nínú ìwé ìjọba mọ́, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àgbẹ̀ lè fi ọ̀dùnkún àti wàrà tirẹ̀ bọ́ ọmọ kan. Ẹni tó ń gbé ìgboro ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń jà lábẹ́lẹ̀ fi ń fi ìbọn ja ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín tíkẹ́ẹ̀tì lólè.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń ran àwọn tó fara pamọ́ lọ́wọ́, LO ni wọ́n ń pè é, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1942. Obìnrin ilé kan tó bímọ márùn-ún, Helena Kuipers-Rietberg, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú pásítọ̀ Frits Slomp. "Tante Riek" ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Wọ́n mú un, ó kú sí àgọ́ Ravensbrück ní 1944. Ṣùgbọ́n kí Gègé má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé nítorí àwọn Júù ni wọ́n fi dá LO sílẹ̀. Ó lé ní 300,000 ènìyàn tó ń sá pamọ́ ní Nẹ́dálándì kí ogun tó parí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tí kò fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tipátipá ní Jámánì, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ìtẹríba. Àwọn Júù tó fara pamọ́ tó nǹkan bí 28,000. Nígbà tí LO fi lágbára dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Júù orílẹ̀-èdè náà ti wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ewúro:
Ó dáa, mo ti fi ti àjà ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bèèrè: awakùsà yẹn, ṣé ó ń gbowó lórí ọmọ náà? Nítorí mo kà á pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbowó. Ẹni tó gbowó, kò gba ènìyàn là, ó háyà yàrá ni. Gègé, má fi owó sí i, kó má bàa ba ènìyàn rere jẹ́.

Kòkúmọ́:
Ewúro, rárá o. Awakùsà tó ní ọmọ mẹ́rin, tó wá gba ìkarùn-ún, ibo ni kó ti rí owó tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní bòókẹ́lẹ́? Àwọn ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ fúnra wọn ló ń kó owó jọ fún irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Yad Vashem tó ń fi orúkọ àwọn olùgbàlà sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù mọ ìyàtọ̀ yìí: bí o bá sọ pé bí kò sí owó, o kò ní gbà á, o kò sí lára wọn, bí o bá gba owó oúnjẹ, kò ba nǹkan jẹ́. Àwọn ará Nẹ́dálándì tí wọ́n dá lọ́lá níbẹ̀ ń lọ sí 6,000. Poland nìkan ló jù wọ́n lọ.

Bí o bá fẹ́ rí owó tó burú, wo òdìkejì. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹwàá 1943, ẹgbẹ́ kan wà ní Amsterdam, ará Nẹ́dálándì ni wọ́n, kì í ṣe ará Jámánì. Colonne Henneicke lorúkọ wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá àwọn Júù tó fara pamọ́. Gílídà (owó Nẹ́dálándì nígbà náà) méje àbọ̀ ni wọ́n ń gbà lórí orí kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, iye kan náà. Ó lé ní 8,000 ènìyàn tí wọ́n fà lé àwọn Jámánì lọ́wọ́. Rosa jáde ní oṣù kẹfà 1943, àárín gbùngbùn iṣẹ́ wọn gan-an. Ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi yẹ kó dúró ní Amsterdam.

Ewúro:
Gílídà méje àbọ̀.

Ó dáa. Fi owó sí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyàwó awakùsà náà máa kà á sókè, kí Rosa máa gbọ́.

Màmá Ìjẹ̀bú:
Ewúro, ìgbà mìíràn o máa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí.

Gègé:
Màmá, Tíṣà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Limburg ni ó ń fà mí, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ náà ń bà mí lẹ́rù. Bí Rosa bá la ẹnu ní abúlé kan lẹ́bàá Heerlen, gbogbo wọn á mọ̀ pé ọmọ Amsterdam ni. Èdè àdúgbò ibẹ̀ yàtọ̀ gédégédé. Ẹ̀sìn ńkọ́? Abúlé tí gbogbo ènìyàn jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe àmì àgbélébùú, ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ ni àṣírí máa tú.

Tíṣà Ìtàn:
Ti ẹnu rọrùn, Rotterdam ló gbà wọ́n. Ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 1940, bọ́ǹbù àwọn Jámánì jó àárín ìlú Rotterdam, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni kò nílé mọ́. Láti ìgbà náà, ọmọ àjèjì tó bá dé abúlé, "ọmọ Rotterdam ni, bọ́ǹbù wó ilé wọn." Ó sọ ìdí tí ẹnu rẹ̀ fi yàtọ̀, ó sọ ìdí tí kò fi sí òbí lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ìdí tí kò fi fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n má rò pé ìdajì abúlé gbà á gbọ́. Wọ́n mọ̀, wọ́n pa ẹnu mọ́. Olùkọ́ ilé ìwé mọ̀, fadá mọ̀. Ẹgbẹ́ kékeré kan tó pe ara rẹ̀ ní NV, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n, ló ń kó àwọn ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi yẹn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Heerlen àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n tó 250 ọmọ. Iye yẹn kò lè wà ní agbègbè kan kí ojú má rí wọn.

Ti ẹ̀sìn ni kó o fara balẹ̀ fún. Wọ́n á kọ́ ọ ní Bàbá Wa àti Ẹ kú Màríà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di dandan. Ọmọdé kì í sì í gba àdúrà lórí ahọ́n nìkan. Nígbà tó bá fi di ìgbà òtútù, á ti máa gbà á tọkàntọkàn.

Màmá Ìjẹ̀bú:
Ìjọ Àgùdà ni mo ti dàgbà, Tíṣà sọ òótọ́. Ọmọ tó ń bẹ̀rù, tó rí ère ìyá kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ni ẹ rò pé ó máa bá a sọ? Ìyá tirẹ̀ ló máa bá sọ̀rọ̀.

Ará Amsterdam:
Màmá, Gègé máa jí gbólóhùn yẹn lọ o.

Gègé:
Mo ti jí i.

Kòkúmọ́:
Báwo ló ṣe máa parí? Nǹkan bí 140,000 Júù ló wà ní Nẹ́dálándì ní 1940, wọ́n pa nǹkan bí 102,000. Nínú orílẹ̀-èdè apá ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, ibẹ̀ ló burú jù. Má jẹ́ kí òbí méjèèjì padà wá, yóò jọ àlá.

Tíṣà Ìtàn:
Ìparí ni ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń sá. Wọ́n á jẹ́ kí ṣọ́jà Amẹ́ríkà fún ọmọ ní ṣokoléètì, wọ́n á sì pa ìwé dé. Nǹkan bí 4,000 ọmọ Júù ló yè nínú ìsápamọ́ níbẹ̀, òbí nǹkan bí ìdajì wọn kò sì padà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1945 tó máa pinnu ẹni tó ni wọ́n. Àwọn tí kì í ṣe Júù ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà, Gesina van der Molen tó ti jà lábẹ́lẹ̀ nígbà ogun ni alága. Ó rò pé ọmọ tó ti fìdí múlẹ̀ níbi tó wà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Júù tó ṣẹ́ kù dáhùn pé: ẹ ti kó ìyá wa, ẹ ti kó bàbá wa, ṣé ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ náà? Wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ yìí títí di 1949. Ní Faransé, ti àwọn ọmọkùnrin méjì, Robert àti Gérald Finaly, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tó tọ́ wọn nígbà ogun, Antoinette Brun, ṣe ìrìbọmi fún wọn ní 1948, kò fi wọ́n fún arábìnrin bàbá wọn. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, àwọn ẹlẹ́sìn kan gbé wọn sá gba orí òkè wọ Spain ní 1953 kí wọ́n tó dá wọn padà.

Ewúro:
Ẹ̀yin ará, bó bá jẹ́ tèmi, ilé awakùsà ni ọmọ náà máa dúró. Ọdún méjì ló ti ń pe ìyàwó awakùsà ní màmá.

Màmá Ìjẹ̀bú:
Ewúro, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí orúkọ bàbá rẹ̀ parẹ́ nítorí pé ìwọ fẹ́ràn rẹ̀? Ṣé ohun tí Hitler fẹ́ kọ́ nìyẹn?

Ewúro:
Màmá, mo dọ̀bálẹ̀, n kò ní ẹnu láti fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ bi Rosa.

Màmá Ìjẹ̀bú:
Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Wọn kì í bi ọmọ ọdún mẹ́wàá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ará Amsterdam:
Wákàtí kan péré ni wọ́n fún ìyá rẹ̀ láti fi dáhùn, Màmá.

Gègé:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà. Mo ti mọ ohun tí n óò ṣe. Limburg ni, ilé awakùsà, wọ́n á sì máa gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ní 1946, àbúrò ìyá rẹ̀ tó sá pamọ́ sí Friesland á kan ilẹ̀kùn, òun nìkan ló kù nínú ìdílé. N óò kọ orí náà lẹ́ẹ̀mejì, lójú àbúrò ìyá àti lójú ìyàwó awakùsà, n kò sì ní jẹ́ kí ìgbìmọ̀ dé kí ẹ̀yin tó sọ ẹni tó jàre. Ìbéèrè kan ló kù: ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní kùsà èédú, àwọn Jámánì ń kó ọkùnrin lọ sí Jámánì. Kí ló dé tí wọn ò mú un?

Ará Amsterdam:
Èédú ni wọ́n ń fẹ́. Awakùsà wà lára àwọn tí wọ́n máa ń yọ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwé ààbò rẹ̀. Wọ́n tún ń fún wọn ní àfikún oúnjẹ nítorí iṣẹ́ agbára: búrẹ́dì, ọ̀rá, ẹran. Ohun tí wọ́n fi ń bọ́ Rosa nìyẹn, Màmá, ìkòkò yín ti rí ẹran.

Màmá Ìjẹ̀bú:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ náà ru o, nítorí oúnjẹ tirẹ̀ ni wọ́n ń pín. Gègé, ìgbà wo ni orí kẹrin ń bọ̀?

Gègé:
Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá. Alẹ́ tí wọ́n bi ìyá Rosa ni n óò kọ́kọ́ lọ tún kọ.